Ẹja Onídàbínù Nínú Ibú Olókùúta

Nígbà tí wọ́n sọ fún mi pé ẹja la fẹ́ lọ wá nínú aṣálẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tó wá sí mi lọ́kàn ni pé wọ́n fẹ́ lọ tà mí. Ẹ má bínú, bí wọ́n ṣe dá mi nìyẹn. Ìjẹ̀ṣà-Iṣu ni wọ́n ti bí mi, nílé tí wọ́n ti kọ́ wa pé ẹni tó bá kí ọ lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ kan ní ohun tó fẹ́ tọrọ. Mo gbé ẹ̀kọ́ yẹn dání dé ilẹ̀ Lárúbáwá, mi ò sì sọ ọ́ kalẹ̀ fún ọjọ́ kan.

Mo ti ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ fún ọdún kan gbáko nínú ilé kan níbẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n ìyá ilé náà tó ní òun fẹ́ kí n wá máa bá òun ṣiṣẹ́. Dókítà Sàmírà ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe dókítà aláìsàn, dókítà ẹja ni. Mo bi í pé ṣé àwọn ẹja náà ń ṣàìsàn ni, ó sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ẹ̀rín yẹn gan-an ni mo kọ́kọ́ fura sí. Ó ní iṣẹ́ òun ń gbé òun lọ sí àárín òkè, kò sì bójú mu kí obìnrin máa dá lọ pẹ̀lú awakọ̀ ọkùnrin. Ohun tó fi nílò mi nìyẹn. Mo ní mo gbọ́, ṣùgbọ́n mo kọ nọ́ńbà rẹ̀ sínú lẹ́tà ránṣẹ́ sí àbúrò mi nílé, bó bá di pé wọ́n fẹ́ wá òkú mi.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ní ilẹ̀ náà ni odò wọn. Odò wọn ní orúkọ, ó ní afárá, ó tún ní pátákó tó ń kìlọ̀ fún ènìyàn kí àgbàrá má gbé e lọ, kò sì sí omi kan nínú rẹ̀. Òkúta lásán ni, láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Mo dúró lórí afárá àkọ́kọ́ tí mo rí, mo ń wo ìsàlẹ̀, mo ń sọ lọ́kàn mi pé àwọn wọ̀nyí ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Àṣé bí a bá fi mọ́tò wọ inú òkúta yẹn lọ, tí òkè bá ti sún mọ́ra, a óò kan ibú kékeré kan, omi rẹ̀ á mọ́ gaara. Ẹja á sì wà níbẹ̀. Ẹja kéékèèké tí kò ju ìka ènìyàn lọ, tí ẹnu wọn wà lábẹ́ orí, tí wọ́n fi ń lẹ̀ mọ́ òkúta kí omi má baà gbé wọn lọ. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ tẹ ẹsẹ̀ bọ omi, wọ́n ṣù bò mí, wọ́n ń họ mí lẹ́sẹ̀. Mo ké. Kàrímù awakọ̀ fi ọwọ́ bo ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín.

Kàrímù yìí, ọmọ ilẹ̀ Bangladéṣì ni, ó ti lo ọdún mọ́kànlá níbẹ̀. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, ó rù, ojú rẹ̀ kì í sì í kúrò lára ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Kò sí ohun tí mo ṣe tí n kì í gbójú sókè bá ojú rẹ̀. Bó bá po tíì, á bu tèmi wá, á ní, "Sísítà, mu." Màá gbà á, màá dúpẹ́, bó bá ti kọ ẹ̀yìn, màá dà á sẹ́yìn òkúta. Mo ti pinnu pé òun ni amí Dókítà, tó ń ròyìn mi fún un.

Iṣẹ́ tiwa rèé. Bí a bá dé ibú kan, Dókítà á na àwọ̀n, á mú ẹja bíi mélòó kan, á kó wọn sínú ìgò pẹ̀lú kẹ́míkà kan tó ń ta ènìyàn lójú bí ata. Èmi ni mo máa ń fi pẹ́ńsùlù kọ orúkọ ibú náà àti ọjọ́ sórí bébà líle kékeré, tí mo sì máa ń jù ú sínú ìgò. Pẹ́ńsùlù ni o, nítorí kẹ́míkà náà máa ń fọ yíǹkì nù. Tí a bá padà sí ìlú, Dókítà á gbé ẹja sábẹ́ awò tó ń sọ nǹkan di ńlá, á máa ka ìpẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, á ka eegun lẹ́bẹ́ rẹ̀, á ka irùngbọ̀n kéékèèké tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu rẹ̀, èmi á sì máa kọ ọ́ sílẹ̀.

Ó ní, "Ẹja tí a kò mọ ibi tí wọ́n ti mú un, kò wúlò fún mi. Bébà yẹn ṣe pàtàkì ju ẹja lọ."

Mo wo ìwé ìgbélùú tèmi nínú àpamọ́wọ́ mi, mo rò ó pé ọ̀rọ̀ yìí kò kan ẹja nìkan.

Àwọn àfonífojì méjì ló jẹ ẹ́ lógún jù. N kò lè pe orúkọ tí wọ́n ń jẹ́, nítorí náà mo sọ wọ́n lórúkọ. Èyí tí igi dàbínù pọ̀ lẹ́bàá rẹ̀ ni mo pè ní Onídàbínù. Èyí tí kò ní ju òkúta lọ ni Olókùúta. Òkè ńlá kan ló wà lágbede méjì wọn. Ẹja Onídàbínù ní irùngbọ̀n méjì, ẹja Olókùúta ní mẹ́rin. Lójú tèmi, ohun tó kù, ìbejì ni wọ́n. Ṣùgbọ́n Dókítà ní irùngbọ̀n yẹn ló sọ ìtàn gbogbo: pé láti ìgbà láéláé, omi àfonífojì méjèèjì kò fìgbà kan pàdé. Ó ní òun ń kọ ìwé nípa gbogbo ẹja ilẹ̀ náà, èyí tó wà níhìn-ín, èyí tó wà lọ́hùn-ún, àti ìdí rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni ọ̀mọ̀wé kan wà tó ń ta ko ọ̀rọ̀ rẹ̀, tó ní omi kan náà ni méjèèjì látijọ́. Bí ó bá dárúkọ ọkùnrin náà, ojú rẹ̀ á le koko.

Èmi ò gba ìkankan nínú rẹ̀ gbọ́. Ta ló máa na owó mọ́tò, owó epo, owó ìgò, nítorí irùngbọ̀n ẹja? Mo ní góòlù ni wọ́n ń wá lábẹ́ omi yẹn.

Ìgbà yẹn ni fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ìkọ̀lé, ìlú ńlá tó sún mọ́ tiwa. Kò tíì dé ọ̀dọ̀ tiwa. Ní ọjọ́ Àìkú, àbúrò mi á fi ọ̀kadà gbé ìyá wa lọ sí Ìkọ̀lé, sọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń fi fóònù pawó lábẹ́ agbòjò ńlá, èmi á sì pe nọ́ńbà obìnrin náà. Ìyá mi máa ń pariwo bí ẹni pé òkè kan ló wà láàárín wa.

"Ṣé ìwọ nìyẹn?"

"Èmi ni, Màámi."

"Ṣé wọn ò tì ọ́ mọ́lé?"

"Rárá, Màámi. Mo wà dáadáa."

"Uṣẹ́ kí gan-an ni uṣẹ́ ìwọ níbẹ̀?"

"Ẹja ni mò ń kà, Màámi."

Ó dákẹ́. Mo ń gbọ́ ìró mọ́tò tó ń kọjá lọ ní Ìkọ̀lé, ọkàn mi sì fà sí i débi pé n kò fẹ́ kó sọ̀rọ̀ mọ́.

"Àwọn ará ulé ń bi mí," ló wá ń wí, "mo ti sọ fún wọn pé nọ́ọ̀sì ni ọ́. Tí mo bá sọ pé ẹja lò ń kà, wọ́n á ní orí rẹ ti dàrú. Ẹja ọ̀ún, ṣé ẹ̀ ń jẹ ẹ́?"

"A kì í jẹ ẹ́, Màámi. Inú ìgò la ń kó o sí."

"Háà! Ẹ pa á, ẹ ò jẹ ẹ́! Ṣọ́ra o. Uṣẹ́ ọ̀ún kò jọ uṣẹ́ Ọlọ́run létí mi."

Ibi tí mo ti kọ́ ìfura nìyẹn. Mo rẹ́rìn-ín títí owó inú fóònù fi tán, lẹ́yìn náà mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mo sunkún. Ẹni tó bá wà nílé máa ń rò pé ìyà ló ń pa ará òkè òkun lẹ́kún. Nígbà mìíràn, ìró mọ́tò Ìkọ̀lé ni.

Ní ọdún kejì tí mo bá Dókítà ṣiṣẹ́, oòrùn mú débi pé ibú kan ní Onídàbínù bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Nígbà tí a dé ibẹ̀, kò fẹ̀ ju ẹní méjì lọ. Ẹja ṣù jọ nínú rẹ̀, wọ́n ń yọ ẹnu sókè, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. Dókítà mú èyí tó fẹ́ mú, ó ní ká máa lọ.

Mo ní, "Àwọn tó kù ńkọ́?"

Ó ní, "Wọ́n á kú. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Òjò á rọ̀, àwọn mìíràn á sọ̀ kalẹ̀ wá láti òkè."

Ó lọ ṣí ìwé rẹ̀ nínú mọ́tò. Èmi kò lè gbé ẹsẹ̀. Nílé wa, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, odò ẹ̀yìn oko wa máa ń já sí ibú-ibú, àwa obìnrin a sì máa fi igbá gbọ́n ibú náà gbẹ láti kó ẹja rẹ̀. Àrọ̀ àti epìyà la máa ń rí. Ṣùgbọ́n màmá àgbà kì í jẹ́ ká kúrò níbẹ̀ láìmú díẹ̀ láàyè, ká fi igbá omi gbé wọn lọ sí ibú tí kì í gbẹ. Ó ní ẹni tó gbọ́n ibú tán tí kò gbé ìyá ẹja sálà, ọbẹ̀ ọdún tó ń bọ̀ ló ti jẹ. Láti kékeré ni mo ti ń ru igbá yẹn. Ojú á tì mí bí mo bá bá ẹja lójú ikú nínú ẹrẹ̀ tí mo sì kọjá lọ.

Mo rọ omi sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì tí a fi ń fọ àwọ̀n, mo kó ẹja bí ogún sí i, mo fi aṣọ tútù bò ó. Kàrímù wá gbé e sẹ́yìn mọ́tò. Ó wúwo lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo yára ní, "Omi tí mo fẹ́ fi fọ àwọ̀n ni."

Ó wò mí, ó wo bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn mọ́tò.

Ní ọ̀sán yẹn a gba ẹ̀yìn òkè yí lọ sí Olókùúta. Ibú ńlá kan wà níbẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, ìsun ló ń bọ́ ọ, kì í gbẹ rárá. Nígbà tí Dókítà àti Kàrímù ń kírun àsárù ti ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn mọ́tò, mo ní mo ti kí tèmi. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo ní Bìsìmílà, mo da ẹja mi sínú omi tútù. Wọ́n dúró díẹ̀ bí ẹni pé wọn kò gbà á gbọ́, lẹ́yìn náà wọ́n fọ́n ká. Inú mi dùn. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ ṣe ohun kan ní ilẹ̀ náà tí ẹnikẹ́ni kò rán mi.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún kan kí a tó tún na àwọ̀n ní ibú náà. Ní ọjọ́ kejì, Dókítà gbé ẹja kan sábẹ́ awò. Mo rí i tó gbé orí sókè, tó nu ojú, tó tún tẹrí ba wò ó. Ó ka irùngbọ̀n lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Ó ní, "Méjì. Ìgò Olókùúta rèé, irùngbọ̀n méjì."

A padà síbẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ó na àwọ̀n sí ibú ẹ̀bá ọ̀nà, ó rí wọn, àgbà àti ọmọ, wọ́n ti bí sí i. Ó na án sí gbogbo ibú tó wà lókè, kò rí ọ̀kan. Ó na án sí ìsàlẹ̀, kò rí ọ̀kan. Ó jókòó sórí òkúta, omi ń kán lára rẹ̀.

Ó ní, "Ẹsẹ̀ ẹja kọ́ ló gbé e wá síbí. Ọwọ́ ènìyàn ni."

Láti ọjọ́ náà, ìfura wọ iṣẹ́ wa bí èéfín ṣe ń wọ ilé. Mo ti rò pé èmi nìkan ni mo mọ̀ ọ́n ṣe, àṣé ọ̀gá wà. Dókítà kò fi kọ́kọ́rọ́ yàrá ìgò sílẹ̀ mọ́. Ó ń wo ẹ̀yìn bébà tí mo kọ. Níkẹyìn ó rántí pé Kàrímù ti wa mọ́tò fún ọ̀mọ̀wé tó ń ta kò ó, ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn. Ó tò ó jọ: bí ẹja irùngbọ̀n méjì bá wà ní Olókùúta, ọkùnrin yẹn ló jàre, ìwé tirẹ̀ á sì di yẹ̀yẹ́. Ta ló wá lè fi ẹja síbẹ̀ fún ọkùnrin yẹn bí kò ṣe awakọ̀ rẹ̀ àtijọ́?

Ó pè é, ó sì bi í níwájú mi. Kàrímù ní, "Èmi kọ́, Dókítà." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Dókítà ní ìwé ìgbélùú rẹ̀ á parí lópin oṣù, òun kò ní tún un ṣe mọ́, kó lọ di ẹrù rẹ̀.

Ó ń jáde lọ, ó wò mí. Mo yí ojú sí ògiri.

Ọ̀sẹ̀ kan àti ọjọ́ méjì ni mo fi dákẹ́. N kò ní parọ́ fún yín, kì í ṣe pé n kò mọ ohun tó tọ́. Ẹ̀rù ló bà mí. Mo ní bóyá pàkúté ni, bóyá Dókítà ti mọ̀, tó kàn ń wò ó bí màá ṣe sá. Mo ní bóyá wọ́n á tì mí mọ́lé nítorí ẹja. Bí wọn kò bá sì tì mí mọ́lé, wọ́n á dá mi padà, kí ni màá sọ ní Ìjẹ̀ṣà-Iṣu? Pé wọ́n lé nọ́ọ̀sì? Lójoojúmọ́ Kàrímù ń po tíì, ó ń ní, "Sísítà, mu." Mo bẹ̀rẹ̀ sí í mu ún. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ ju ṣúgà lọ, ó sì ń korò lọ́nà ọ̀fun mi.

Ní ọjọ́ Àìkú mo ro gbogbo rẹ̀ fún ìyá mi. Mo rò pé á ní kí n pa ẹnu mi mọ́.

Ó ní, "Ìwọ gbé ẹja ọ̀ún sálà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi."

"O ṣeun. Màmá àgbà á gbọ́ ọ." Lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Ọkùnrin tí wọ́n fẹ́ lé, ṣé ó níyàá?"

Mo ní ó ní in, ó máa ń pè é ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀.

"Ta ni yóò wá bá ìyá rẹ̀ sọ pé ọmọ rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan?"

Mo gbé fóònù láti etí kan sí èkejì. Ó ní, "Dá mi lóhùn, owó fóònù rẹ ń lọ."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì mo wọlé tọ Dókítà lọ, mo kúnlẹ̀. Ó rò pé mo fẹ́ bẹ̀bẹ̀ fún Kàrímù ni, ó ti ń mi orí. Mo ní, "Èmi ni mo gbé ẹja náà. Ẹnikẹ́ni kò rán mi."

Kò pariwo. Ó fa ìwé rẹ̀ súnmọ́ra, ó mú pẹ́ńsùlù, ó ń bi mí: ọjọ́ wo, ibú wo, ẹja mélòó. Ó kọ gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló tó bi mí ìdí. Mo sọ ti odò ẹ̀yìn oko wa fún un, mo sọ ti màmá àgbà àti igbá. Ó gbọ́ mi títí dé òpin.

Ó ní, "Nílé yín, òjò á rọ̀, gbogbo ibú á tún di odò kan. Odò kan náà lẹ̀ ń gbé wọn kiri inú rẹ̀. Níhìn-ín, òkè ló wà láàárín. Wọ́n á gun ara wọn, irùngbọ̀n wọn á dàrú, kò sì ní sí ẹni tó lè mọ ohun tó ti wà níbẹ̀ rí. Ṣé ó yé ọ?"

Ó yé mi. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbà lóòótọ́ pé kò sí góòlù kankan, pé ẹja ni obìnrin yìí ń wá látọjọ́ yìí, ẹja náà ni. Ojú tì mí ju bí mo ṣe lè sọ.

Ó ní, "Mo dárí jì ọ́. Ṣùgbọ́n n kò tún lè gba ohun tí o bá kọ sórí bébà gbọ́ mọ́, wàá padà sílé."

Iṣẹ́ tí mo ṣe kẹ́yìn níbẹ̀ ni pé a lọ kó wọn kúrò. Ọjọ́ mẹ́rin ni a fi wọ inú ibú yẹn, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, à ń na àwọ̀n, à ń ka irùngbọ̀n lọ́kọ̀ọ̀kan. Onímẹ́rin, a jù ú padà. Oníméjì, inú ìgò. Àwọn ọmọ wọn pọ̀ ju ìyá lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n bí wọn sí, wọn kò mọ Onídàbínù rí, òkúta Olókùúta ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ bí ọmọ onílé. Mo ń kó wọn, mo ń bi ara mi pé ọdún mélòó ni ẹ̀dá gbọ́dọ̀ lò níbì kan kí wọ́n tó gbà pé ará ibẹ̀ ni. N kò bi Dókítà. Ó lè mọ̀ ọ́n, ẹ̀rù ìdáhùn rẹ̀ sì ń bà mí.

Kàrímù ló fi mọ́tò gbé mi lọ sí pápá ọkọ̀ òfurufú. Dókítà ti bẹ̀ ẹ́, wọ́n ti tún ìwé rẹ̀ ṣe. A dúró, ó gbé àpótí mi sílẹ̀. Nígbà náà ni mo bi í ní èdè Lárúbáwá jágajàga tí àwa méjèèjì ń sọ, bóyá ó mọ̀ ní ọjọ́ tó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì.

Ó ní, "Mo mọ̀. Ẹja ń fò lábẹ́ aṣọ."

"Kí ló dé tí o kò fi sọ?"

"Bí mo bá sọ ọ́, wọ́n á ní mò ń ti ẹjọ́ mi sọ́rùn rẹ. Mo sì fẹ́ mọ̀ bóyá ìwọ á sọ ọ́." Ó wo ilẹ̀. "Ọ̀sẹ̀ kan àti ọjọ́ méjì, Sísítà. Lọ́jọ́ kẹta ni mo ti pe ìyá mi pé mò ń bọ̀ nílé. Ó bi mí pé kí ni mo jí."

Mo ní kó dárí jì mí. Ó ní kò sí wàhálà, ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó padà sínú mọ́tò. Ṣùgbọ́n mo mọ ojú ẹni tó ti dárí jini, n kò sì rí i níbẹ̀.